Bí Lọ́rì Eléèéfín Wa Ṣe Gbàwé

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó la títì márosẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò lágbègbè wa, àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ kó oríṣiríṣi nǹkan wálé. Ẹlòmíràn kó páànù, ẹlòmíràn kó pákó. Ọkọ mi gbé ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kan wálé. Òun ni mẹkáníìkì wọn ní gbogbo àsìkò tí owó epo ń ṣàn, tí títì àti afárá ń hù kiri bí olú. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni wọ́n fi dá a lọ́lá nígbà tí iṣẹ́ parí.

Lọ́rì kan ti wà lẹ́yìnkùlé wa tẹ́lẹ̀, pákó ni wọ́n fi kan gbogbo ara rẹ̀, bẹntiróòlù ló sì ń lò kó tó kú. Ọkọ mi yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń gé irin, tó ń jó irin mọ́ irin, títí ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì yẹn fi wọ inú lọ́rì náà. Ó gbé sàlẹ́ńsà rẹ̀, tí èéfín ń gbà jáde, gba ẹ̀gbẹ́ orí ọkọ̀ lọ sókè. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde, àwọn ará àdúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn láti wò ó. Láti ìgbà náà ló ti ń fi í kó gàárì àti ẹ̀gẹ́ láti Ikoga lọ sí ọjà Agbalata, àwọn obìnrin tó ni ẹrù a sì jókòó sórí àpò wọn lẹ́yìn.

Ọkọ̀ náà lágbára. Èéfín rẹ̀ ni kò jẹ́ ká gbádùn.

Aránṣọ ni mí. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mo ń rán jù, àti aṣọ funfun fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa. Iwájú ilé ni máṣíìnì mi wà, iwájú ilé náà ni ọkọ mi ti ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná láràárọ̀. Tó bá ti tẹ iná báyìí, èéfín dúdú á wọlé wá bá mi, á bà lé aṣọ funfun tí mo sá sórí okùn. Mo máa ń tún wọn fọ̀ kí olówó wọn tó dé. Mi ò sọ fún un rí. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́rì yẹn ló sì jẹ́ kó lè tún máa gbórí sókè láàárín àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ohun tó ń mú inú rẹ̀ dùn ló ń ba iṣẹ́ mi jẹ́?

Ìgbà tó yá, ìròyìn dé pé gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kó èèyàn gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, àti pé èyí tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí, ìjọba á gbà á. Ẹ̀rù kò ba ọkọ mi. Ó tún bíréèkì ṣe, ó pààrọ̀ iná ẹ̀yìn, ó kun ara ọkọ̀ ní àwọ̀ búlúù. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ó wọ kakí tó fi ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tó lọ, lẹ́yìn tó ti ní kí n lọ ìlà rẹ̀ dáadáa. Ó mú mi dání nítorí pé ìwé kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ́físà tó yẹ ọkọ̀ wa wò kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún.

"Bàbá, ta ló bá yín gbé ẹ́ńjìnnì yìí síbẹ̀?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Iṣẹ́ yín dára. Ẹ bá mi tẹ iná."

Ọkọ mi tẹ iná. Èéfín tú sókè, ó bo gbogbo àwa tí a dúró. Ọ́físà náà gun ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó yọ áńkáṣíìfù funfun nínú àpò, ó nà án sí ẹnu sàlẹ́ńsà. Kó tó ka méjìlá, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi hàn wá.

"Mi ò lè fọwọ́ sí èyí, Bàbá. Àwọn èèyàn tó ń jókòó lẹ́yìn ló ń fa gbogbo rẹ̀ símú."

"Kò sí dísẹ́ẹ̀lì tí kì í rú èéfín," ni ọkọ mi wí.

"Ó ń rú lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe báyìí. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má fi kó èèyàn títí ẹ ó fi padà wá."

Awakọ̀ kan tó wà lórí ìlà sún mọ́ ọkọ mi, ó sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó lọ rí ọ́físà náà lẹ́yìn ilé. Ọkọ mi dáhùn pé, "Ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ lọ rí."

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Nígbà tí mo rí áńkáṣíìfù yẹn, inú mi dùn. Àjòjì kan ti bá mi sọ ohun tí n kò lè sọ. Àmọ́ nígbà tí a wọ ọkọ̀, mo rí i pé ọkọ mi ń tọ etí títì lọ, ó ń yà fún gbogbo ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí a fi kọjá Gbaji. Ìdùnnú mi bá korò mọ́ mi lẹ́nu.

Láti ọjọ́ kejì ló ti wọ inú iṣẹ́. Ó yọ àwọn nọ́sù tí ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ wọ́n, ó gbé wọn lọ fún ẹni tó ń dán wọn wò, ó dá wọn padà. Èéfín ò dín. Ó pààrọ̀ epo, ó tún àsìkò tí epo ń wọ inú ẹ́ńjìnnì tò. Èéfín wà níbẹ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, àwọn obìnrin Ikoga ránṣẹ́ béèrè bóyá ọkọ̀ á dé, nítorí pé wọ́n ti yan gàárì. Ó ní kí ẹni tí wọ́n rán wá sọ fún wọn pé kò sí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi, ó ní òun máa yọ ẹ́ńjìnnì náà, kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá gbé e.

Mo dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Sọ ọ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí aṣọ ṣe ń dúdú àti bí mo ṣe ń tún wọn fọ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́."

"O ò sì sọ."

"Mi ò sọ. Àmọ́ ohun kan wà tí mo ti rí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tú agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn láti fọ̀ ọ́, tí ẹ sì tẹ iná kí ẹ tó dá a padà, aṣọ mi kì í dúdú."

Agolo tí mo ń sọ ni fíítà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ti ẹ́ńjìnnì kékeré àkọ́kọ́ ni, ọkọ mi kàn fi í sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó ń gbé ńlá yìí wọlé. Ó dìde, ó tú u, ó gbé e sílẹ̀, ó sì tẹ iná. Èéfín tó jáde kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀.

"Kò rí èémí mí tó," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Epo pọ̀, afẹ́fẹ́ ò tó."

"Bíi kí n gé ọrùn bùbá fún ọmọ ọdún méjì," ni mo wí, "kí ẹ̀yin wá fẹ́ ki orí bọ̀ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Gbaji níbi tí àwọn típà tó ti kú wà lẹ́bàá títì, ó gba fíítà kan tó tóbi bí ìkòkò omi. Inú ọkọ̀ ò gbà á. Ó ní láti lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ lè gbabẹ̀ jáde, àmọ́ ojú ibẹ̀ tẹ̀, kò mọ bí òun ṣe máa wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo mú bébà, tí mo wọ̀n ọ́n bí ẹni wọn abíyá aṣọ, tí mo gé e. Ó lẹ bébà náà mọ́ irin, ó sì gé irin tẹ̀lé e. Ó bá a mu rẹ́gí.

Ọ́físà kan náà la bá nígbà tí a padà lọ. Ó na ìka sí ihò náà.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Imú ni mo là fún un."

Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ tẹ iná, èéfín kan tú jáde nítorí pé ẹ́ńjìnnì ti tutù lórí ìlà. Ọ́físà náà fajú ro. Mo di ìwé inú ọwọ́ mi mú títí ó fi ká.

"Ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀, ọ̀gá," ni ọkọ mi wí.

Ọ́físà náà dúró dè é. Lẹ́yìn náà ló na áńkáṣíìfù sí i. Ó wò ó, ó yí i padà, ó ní kí ọkọ mi tẹ iná dé ilẹ̀, ó tún nà án sí i. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ohun tó wà lójú aṣọ náà kò ju àbàwọ́n tíì lọ. Ó mú báírò, ó fọwọ́ sí ìwé wa.

"Kí lẹ ṣe sí i?"

Ọkọ mi nawọ́ sí mi. "Ẹ bi aránṣọ yẹn."

Ọ́físà náà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Ọkọ mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wí pé "E yọ́n," bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé ó dára ní èdè Gun tiwọn, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń padà lọ sílé, ó rọra ń wakọ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí wa.

"Kí ló tún kù tí o kò tíì sọ fún mi?" ló béèrè.

"Ó kù díẹ̀."

"Sọ ọ̀kan lónìí."

Mo sọ fún un pé n kò fẹ́ràn ẹja gbígbẹ tí àbúrò rẹ̀ ń fi ránṣẹ́, pé àwọn aládùúgbò ni mo máa ń fún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yà kúrò lójú títì. Lẹ́yìn náà ló ní òun náà ní ohun tí òun kò sọ. Ó ní láti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ ti lọ, ẹ̀rù ń ba òun láràárọ̀ kí òun tó tẹ iná, pé bí ọkọ̀ náà bá kọ̀, òun ò mọ ohun tí òun tún lè ṣe.

Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. A délé kí àwọn ọmọ wa tó ti ilé-ìwé dé, ó bọ́ kakí rẹ̀, ó sùn lọ fọnfọn ní ọ̀sán gangan.