Ọ̀gá tó ń ka gbogbo ilẹ̀ sí ọ̀kan

Tí mo bá rí ẹni tó ń fi bírò gbá eyín, ọ̀gá mi àtijọ́ ni mo máa ń rántí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá fẹ́ da ọ̀rọ̀ mi nù. Iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ la jọ ń ṣe ní Atlanta, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì ń lọ.

Kọ̀ǹpútà wa pín ilẹ̀ sí abala onígun mẹ́rin, ó sì ń ka gbogbo abala kan sí irú ilẹ̀ kan. Mo ní igbó Suwanee, lẹ́yìn ìlú, kò lè gbóná tó ilẹ̀ ọlọ́dà àwọn ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí òjò fi ń sọ wá di òpùrọ́.

Ọ̀gá ní, “Aunty, ṣé òjò máa ń béèrè àdírẹ́sì kó tó rọ̀ ni?”

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín.

Èmi nìkan ni mo tún ìpín ilẹ̀ inú kọ̀ǹpútà náà ṣe, mo ya igbó sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ ọlọ́dà. Nígbà tí àsọtẹ́lẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ, orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni ọ̀gá fi gbé iṣẹ́ náà jáde, wọ́n sì gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, “Aunty, ṣebí ọ̀kan náà ni wá.”

Lọ́jọ́ tó ṣe ìdúpẹ́ ìgbéga náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ pè mí kí n wá jẹ́rìí. Ọ̀gá sọ sí mi létí pé, “Aunty, ẹ ṣáà sọ pé a jọ ṣe é.”

Mo gba máìkì. “Orúkọ tiẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é fún wa.”

Mo nà án sí i. Ó ń wo bàtà rẹ̀ títí pásítọ̀ fi dá orin.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní mo burú. Títí dòní, kò sẹ́ni tó bi mí ta ló ṣe iṣẹ́ náà.