Ọjọ́ tí mo sọ pé èmi kọ́ ni mo bí Bùsúyì

Ẹ fara balẹ̀, kí n ro ohun tí ojú mi rí nídìí bọ́ọ̀lù ọmọ mi fún yín. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, àmọ́ kò ṣe é kọ nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní báyìí kò gbá a mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, pé bóyá yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nítorí náà, mi ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Télọ̀ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti ránṣọ lọ́dọ̀ mi rí mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wọn ènìyàn kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi. Ewé àkọ́kọ́ nínú Bíbélì mi ni mo kọ ìbí wọn sí: ọjọ́, wákàtí, ibi tí mo bí wọn sí, bí ojú ọjọ́ ṣe rí.

Ọmọ méjì péré ni mo bí: Adébùsúyì, tí a ń pè ní Bùsúyì, àti Dámilọ́lá, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọdún méjì àti oṣù méje ló wà láàárín wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé òǹkà yẹn. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀.

Láti kékeré ni Bùsúyì ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ìwé kan tí ènìyàn ti ń rí òkè Olósùnta gàgàrà. Àárín ni wọ́n máa ń fi í sí. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ nítorí góòlù. Òun ló ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn tó dojú kọ wọ́n, tí á wá gbé e síwájú ẹni tó máa gbá a wọlé. Èmi kì í wo bọ́ọ̀lù yẹn rárá, ẹsẹ̀ ọmọ mi ni mo máa ń wò. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ta á lẹ́sẹ̀, mo ti dìde nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wòran a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Bùsúyì, ẹ kúkú wọ búùtù, ẹ wá bá a gbá a."

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, kóòṣì rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún òkè òkun ń bọ̀ ní Adó, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ni wọ́n fẹ́ rí. Ó ní kò le. Ó ní kò sí agbábọ́ọ̀lù tí kò ní ọjọ́-orí bọ́ọ̀lù, pé bí ẹni wọ búùtù lọ sí pápá ni, ènìyàn a bọ́ ọ tó bá délé. Kí á yọ ọdún mẹ́ta péré kúrò, kí á fi ọjọ́ àti oṣù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ọmọ má baà ṣì í sọ.

Ọkọ mi, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò lè búra èké ní ọjọ́ ogbó òun.

"Ìyá Bùsúyì," ó ní, "ọdún tí ọmọ ti lò, ta ló fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo bínú sí i. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí ọmọ wa máa gun ọ̀kadà kiri Ìkẹ́rẹ́ títí tí ọkọ̀ á fi gbá a ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kì í ṣe ojúkòkòrò. Èmi fúnra mi lọ sí kóòtù. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo búra pé èmi ni ìyá tó bí i, pé mo mọ ọjọ́ tí mo bí i, mo sì fọwọ́ sí i.

Kóòṣì tún ní ibikíbi tí a bá kọ ọjọ́ tòótọ́ sí nínú ilé, kí á mú un kúrò, nítorí àwọn olùwádìí lè wá. Mo mú Bíbélì mi. Ìlà mẹ́rin ni mo kọ nípa Bùsúyì lókè ewé yẹn. Mo gbé rúlà lé e, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e, mo sì sọ ọ́ sínú áyọ́ọ̀nù eléèédú tí mo fi ń lọ aṣọ. Kò pẹ́ rárá tó fi jóná.

Nígbà tí mo mú ìwé kóòtù náà délé, Dámi gbà á kà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá Bùsúyì, ẹ ti di àbúrò mi o! Ó yá, Bùsúyì, lọ pọn omi wá fún ẹ̀gbọ́n ẹ."

Bùsúyì lé e yí kànga po. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan bàbá wọn. Ṣé ẹ wá rí èmi tí mo ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì yìí? Mi ò bi ara mi pé oṣù mélòó ni Dámi fi ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lórí ìwé yẹn.

Wọ́n mú un ní Adó. Ó lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn kó tó wọ bàálù. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè tó lọ, nítorí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ọdún mẹ́rin ló lò, kílọ́ọ̀bù méjì ló gbá bọ́ọ̀lù fún. Ní ti àkọ́kọ́, bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí nínú òtútù fún oṣù mẹ́fà. Ní ti èkejì, kò sí ìdíje tí wọn kò fi í sí àárín, àwọn kílọ́ọ̀bù tó tóbi jù wọ́n lọ sì ti ń rán ènìyàn wá wò ó.

A ní àdéhùn kan, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Kó tó wọ pápá, á pè mí, màá gbàdúrà. Tí wọ́n bá ti gbá a tán, á tún pè, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ: "Màmá, ẹsẹ̀ méjèèjì pé." Ìgbà náà ni màá tó jẹun.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, kò pè. Mo dúró fún wákàtí méjì àtààbọ̀. Nígbà tí fóònù dún, ohùn rẹ̀ rọra jáde.

"Màmá, ọ̀kan ni."

Iṣan orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ló já. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kòkòrò wọ ojú abẹ náà, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ibà mú un, ó sì kọ oúnjẹ. Wọ́n ní tí oògùn kò bá ràn án, àwọn lè gé ẹsẹ̀ náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní kí n wá. Ọmọ tí kì í bẹ̀ mí fún nǹkan kan ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá." Kílọ́ọ̀bù tó ń gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn náà kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní físà ọgbọ̀n ọjọ́.

Èmi fúnra mi ni mo kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí mo bí pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọn. Mo da ti Bùsúyì kọ láti inú ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀: ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta. Mo da ti Dámi kọ láti inú ìwé ìbí rẹ̀: ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá. Mo tún fi ìwé ìbí Dámi mọ́ ọn, kí wọ́n lè rí i pé mo ní ọmọ nílé tí màá padà wá bá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ fọ́ọ̀mù náà wò bóyá mo ṣi lẹ́tà kan kọ. Mi ò ṣi ọ̀kankan.

Mo wọ mọ́tò ní Adó lọ sí ẹ́ḿbásì ní Àbújá. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ó kí mi pẹ̀lẹ́ nítorí àìsàn ọmọ. Ó wo ìwé mi, ó tún un wò, ó wá fi bírò tọ́ka sí ìlà méjì. Ó bi mí bóyá èmi ni mo bí àwọn méjèèjì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé ìbejì ni wọ́n? Mo ní rárá.

Ó ní ó dáa, oṣù kẹwàá ni mo bí obìnrin, oṣù kẹta tó tẹ̀ lé e ni mo tún bí ọkùnrin. Oṣù márùn-ún ó dín ọjọ́ márùn-ún. Kí n ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ fún òun.

Ẹ̀rín Dámi nídìí kànga ló ń dún létí mi.

Kí ni kí n sọ? Tí mo bá sọ pé ọjọ́-orí Bùsúyì kì í ṣe òótọ́, kílọ́ọ̀bù á gbọ́, wọ́n á lé e, ta ni yóò wá tọ́jú ẹsẹ̀ tó ń wú? Tí mo bá ní èmi kọ́ ni mo bí Dámi, ìwé ilé ìwòsàn tí orúkọ mi wà nínú rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀ yẹn. Gbogbo ìrònú yìí kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń dá itọ́ mì lọ.

Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo bí Bùsúyì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi kàn tọ́ ọ dàgbà ni."

Èmi tí gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ń pè ní Ìyá Bùsúyì.

Obìnrin náà ṣí ìwé kan, ó yí i sọ́dọ̀ mi. Ìwé kóòtù mi ni, èyí tó wà nínú fáìlì físà Bùsúyì. Ó ní níbí yìí mo fi orúkọ Ọlọ́run búra pé èmi ni mo bí i. Èwo ni kí àwọn gbà? Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sì sàn kó pariwo.

Wọn kò fún mi ní físà. Wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́tà pé kò dá wọn lójú pé èmi ni ìyá aláìsàn náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bùsúyì pè. Ọkùnrin tó ń mójú tó àwọn àjèjì ní kílọ́ọ̀bù wọn ti sọ fún un.

"Màmá, wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ ò bí mi."

Mo ṣàlàyé láti oṣù kẹwàá dé oṣù kẹta. Òun náà mọ̀ nípa ọjọ́-orí bọ́ọ̀lù, kò yẹ kó ṣòro fún un. Ó wá ní, "Màmá, ẹ̀yin kì í parọ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ẹ kì í parọ́. Èwo wá ni irọ́ níbẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi wọ̀ ọ́ lára. Bùsúyì pupa, ó sì ga. Àwa mẹ́ta yòókù dúdú, a kúrú. Nílé ìwé, wọ́n máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé lójú ọ̀nà Emùré ni a ti rí i he. Èmi ni mo máa ń nu omijé rẹ̀, tí màá ní kó má dá wọn lóhùn. Ní báyìí, ìyá tó ń nu omijé ọ̀hún ti lọ sọ ohun kan náà fún ìjọba àjèjì. Bàbá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bùsúyì, ọmọ ulé yìí ni ọ́, kò sí ẹni tó lè já a lọ́wọ́ rẹ." Bùsúyì dá a lóhùn pé òun ti gbọ́, sà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà, àmọ́ orúnkún kò ká mọ́. Nígbà tí kọ́ńtíráàtì rẹ̀ parí, wọn kò fún un ní òmíràn. Ọjọ́-orí tí mo tìtorí rẹ̀ sẹ́ ọmọ mi ṣì wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bó ṣe wà, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ó padà sílé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, pẹ̀lú ọ̀pá. Kì í bínú sí mi. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ó ń pè mí ní "mà" dípò Màmá, bí oníbàárà tó wá gba aṣọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n rí ibi tí ẹ kọ ìbí mi sí nínú Bíbélì."

Mi ò sọ fún un rí pé mo gé e. Mo gbé Bíbélì fún un. Ó ṣí ewé àkọ́kọ́. Òkè rẹ̀ ti lọ. Ohun tó kù níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí pé: "Ọmọ kejì: Dámilọ́lá."

Ó fi ìka tọ etí ibi tí mo gé. Ó ní, "Ẹ gé e tọ́." Mo ń sunkún. Mo ń ka ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà fún un láti orí, bí ọmọ ilé ìwé. Ó gbọ́ ọ tán. Ó bi mí bóyá mo ní in níbì kankan tí mo kọ ọ́ sí. Mo ní rárá, mo ti sun ún.

Ó tún wo ewé náà, ó pẹ́. "Ọmọ kejì," ó kà á jáde. "Ó dáa, Màmá. Ẹnì kan ti wà níwájú Dámi."

Ó pa Bíbélì dé, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ. Màmá tó pè mí yẹn, mi ò tíì mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́ ni tàbí ó ṣàánú mi. Mi ò bi í. Ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ ń bà mí.

Ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ kò gùn. Ohun tí a bá gé kúrò lára ọjọ́ ọmọ, ara àwa òbí ni a ti gé e. Ẹ̀yin tí kóòṣì bá wá bá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ rántí ọkọ mi tó kọ̀. Tí ẹ bá sì ti ṣe é bíi tèmi, ẹ kọ tiyín sí ìsàlẹ̀ yìí, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bá mi ka ìlà mẹ́rin yìí, nítorí mo fẹ́ kó wà níbi tí ojú púpọ̀ ti rí i:

Ọmọ kìn-ín-ní: Adébùsúyì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọdún mẹ́ta ṣáájú èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, ní ilé ìwòsàn, ní Emùré. Òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀. Èmi ni mo bí i.