Orúkọ Tí Ìlà Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Àṣìṣe kékeré ni, kò ju sílébù méjì lọ. Lọ́dún 1982, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ìlú Oberá, akọ̀wé bi Holger Sandgren pé kí ni orúkọ ọmọbìnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Inú Holger dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dáhùn kíá pé, "Mona." Akọ̀wé gbójú sókè wò ó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Swídìn, ilẹ̀ àwọn bàbá Holger, orúkọ tó rẹwà ni Mona. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan jẹ́ ẹ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n Ajẹntínà ni Oberá wà, èdè Spéìn là ń sọ níbí, abo ọ̀bọ sì ni mona ní èdè Spéìn.

Kì í ṣe pé Holger kò gbọ́ èdè Spéìn. Oberá ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti ń gbin yerba, ewé tí wọ́n ń mu bíi tíì, èdè Spéìn ló sì fi fẹ́ Nélida ìyàwó rẹ̀, tí kò ní ẹbí kankan ní Swídìn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di ti orúkọ, ọkàn rẹ̀ a sá lọ sí òkè òkun. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Holger wo ilé, kò wo ìta.

Ìta kò gbàgbé. Ní ọjọ́ tí Mona kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé, ẹnìkan fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sórí àga rẹ̀. Nélida búra lọ́jọ́ náà pé orúkọ Swídìn kankan kò tún ní wọ ara ọmọ òun láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ dán an wò.

Lọ́dún 1990, ó bí ọkùnrin. Bàbá Holger, tó ń jẹ́ Göran, ti kú ní ọdún tó ṣáájú, ìyá rẹ̀ Alfhild kò sì tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà ìsìnkú. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá yìí béèrè.

"Ẹ sọ ọ́ ní Göran," ni ó wí. "Mo fẹ́ gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ yẹn nínú ilé yìí kí n tó lọ."

Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe fún ẹni tó ń kà á: a kì í pe G yẹn bí G. Bíi Y là ń pè é, Yöran. Àmì méjì tó wà lórí O náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti kọ orúkọ mìíràn.

Holger lọ wádìí lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ó bọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fọ́ àwo.

"Wọn ò gbà, Màmá. Wọ́n ní orúkọ àjèjì tó bá ti ní ìkejì ní èdè Spéìn, ìkejì yẹn ni àwọn máa kọ. Wọ́n ní Jorge ni Göran."

"Jorge? Ta ni Jorge? Ṣé mo fẹ́ Jorge rí ni?"

"Orúkọ kan náà ni, Màmá."

"Tìẹ nìyẹn. Kọ Jorge sínú ìwé wọn, kí a máa pè é ní Göran nílé."

Mona, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń fetí sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Ẹ ṣáà má fún un ní orúkọ ẹranko o."

Nélida dìde. "Màmá, mo bẹ̀ yín, mi ò lè gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí n pè é síta, bí a ṣe ń pe ọmọ wá jẹun. Tí kò bá sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, mo gbà."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi gbogbo ohùn pè é: "Göran! Göraaan!"

Ilẹ̀kùn ilé kejì ṣí gbàà. Màmá Eulogia, aládùúgbò wọn, sáré jáde, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó fi ń ṣe búrẹ́dì chipá wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnwọ́.

"Nélida! Àwọn ta ló ń sunkún? Ta ló kú?"

Bí wọ́n ṣe ń sọ "wọ́n ń sunkún" ní èdè Spéìn nìyẹn: lloran, tí a ń pe ll rẹ̀ bíi Y. Kò sí ìyàtọ̀ tí etí máa gbọ́ láti ìta.

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Ọmọ ni mò ń pè."

"Ọmọ wo ló ń jẹ́ Wọ́n-ń-sunkún? Ẹ̀yin aláwọ̀ wàrà wọ̀nyí! Ẹ sọ àkọ́kọ́ ní Ọ̀bọ, ẹ sọ ìkejì ní Ẹkún. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Ìgbẹ́ gbuuru?"

Nínú ilé, èjìká Alfhild ń mì. Holger sáré dì í mú, ó rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Láti ojú fèrèsé yìí ni mo ti ń pè é fún ọdún mẹ́tàlélógójì," ni ó ń wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan!"

Nélida dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Wọ́n rò pé ẹ̀ ń sọ fún wọn pé àwọn ọmọ yín ń sunkún ni."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ṣe orúkọ. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù nínú àkókò tí òfin fún wọn láti forúkọ ọmọ sílẹ̀, ìyá àgbà kò sì yí ohun tó béèrè padà. Ní Sátidé, lẹ́yìn tí mo parí kíláàsì èdè Swídìn tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, Holger wá bá mi.

"Tíṣà, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe. Ìyá mi níhìn-ín, ìyàwó mi lọ́hùn-ún."

Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé ìjọ. Mo yọ ìwé tí ìjọ wọn ní Swídìn fi lé àwọn òbí Göran lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé e wá síbí, ọmọ ọdún mẹ́ta. Axel Göran ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìlà kan sì wà lábẹ́ Axel. Àwa ará Swídìn a máa fún ọmọ ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo là ń fa ìlà sí lábẹ́, èyí tí a ó máa fi pè é. Ẹni tí kò bá fa ìlà kò tíì sọ ọmọ lórúkọ. Ó kàn to orúkọ jọ ni.

"Àmọ́ kò sẹ́ni tó pè é ní Axel rí," ni Holger wí.

"Ìlà ni ìlà, Holger. Mú un lọ fún ìyá rẹ."

Alfhild gbé awò sójú, ó ka ìwé náà, kò sì yà á lẹ́nu.

"Bàbá Göran náà ń jẹ́ Axel. Axel méjì ò lè máa dáhùn pọ̀ nínú ilé kan, ni wọ́n fi ń pe òun ní Göran."

"Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí, Màmá?"

"Ṣé ẹ bi mí ni?"

Ó wọ yàrá lọ, ó mú lẹ́tà mélòó kan jáde, èyí tí Göran kọ sí i kí ó tó fẹ́ ẹ. Axel ló fi fọwọ́ sí gbogbo wọn. "Ó fẹ́ kí n rò pé àgbà ni òun," ni ó wí. "Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Tèmi nìkan ni orúkọ yìí." Ó dì wọ́n mọ́ àyà.

Ó di òwúrọ̀ kí ó tó gbà kí ọmọ náà jẹ́ ẹ. "Nélida, pè é síta kí n gbọ́."

Nélida jáde. "Axel! Axeeel!"

Kò sí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ó dúró.

"Màmá Eulogia! Ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Mo gbọ́ pé ò ń pe Axel. Ṣé ó ti sá lọ ni?"

Nélida jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì bú sẹ́kún ìtura. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ń sunkún wà nítòótọ́, nítorí ìyá ọkọ rẹ̀ bá a jókòó síbẹ̀, wọ́n sì jọ sun ún.

Gbogbo wọn ló lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé. Orúkọ Axel wọ ìwé láìsí wàhálà, akọ̀wé kò mọ ìkejì rẹ̀ ní èdè Spéìn. Akọ̀wé ní, "Orúkọ kejì ńkọ́?" Holger la ẹnu, Nélida tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Alfhild ló dáhùn.

"Jorge."

"Màmá?"

"Dákẹ́. Mo mọ ẹni tí mò ń pè." Ó wá yíjú sí akọ̀wé. "Fa ìlà sábẹ́ Axel."

"Màmá, fọ́ọ̀mù ìjọba kì í gba ìlà."

"Ọmọ mi, fún mi ní bírò."

Ó fà á fúnra rẹ̀. Mo ti rí ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà: ìlà yẹn wọ́, ó sì ti tàsé dé abẹ́ J tó bẹ̀rẹ̀ Jorge. N kò tún un ṣe.

Alfhild fi ọdún mẹ́fà pe Axel wá jẹun kí ó tó dolóògbé. Mona lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Swídìn lọ́dún 2003, níbi tí kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Holger ta oko rẹ̀, òun, Nélida àti Axel sì lọ bá a ní ọdún tó kọjá. Lẹ́tà tí mo gbà gbẹ̀yìn sọ pé wọ́n ń gbé ní Göteborg, ìlú tí a ń pe G tirẹ̀ náà bíi Y, ní àjà kẹta ilé kan lẹ́bàá odò, lọ́dọ̀ Mona.