Mo Ka Ẹ̀yìn Páálí láti Agbowó dé Challenge

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé ni mo kúrò nílé wa ní Agbowó, tèmi ti dígí ìkàwé mi àti ìwé tí dókítà kọ. Lọ́jọ́ kejì ni mo máa ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo kà á kẹ́yìn, ikùn mi kù débi pé olórí akọrin wo òkè, ó rò pé àrá ló ń sán. Ojú tì mí gan-an. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á gba ìwé kíkà lọ́wọ́ mi, ipò kan ṣoṣo tí mo sì ní níjọ nìyẹn.

Low FODMAP ni dókítà pe oúnjẹ tí mo gbọ́dọ̀ máa jẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí n jìnnà sí ohun tó ń kó afẹ́fẹ́ sí mi nínú: àlùbọ́sà, aáyù, ẹ̀wà, àlìkámà, mílíìkì. Ìyàwó mi ní òun ò lè máa gbé ìkòkò méjì kaná, kí n lọ ra tèmi nínú páálí, kí n sì ka ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa.

Takisí Máíkírà gbé mi dé Bódìjà. Ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan níbẹ̀, mo gbé núdùùsì, mo ka ẹ̀yìn ẹ̀: àlìkámà. Mo gbé ẹja inú agolo: aáyù. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Mo pẹ́ níbẹ̀ títí ọmọbìnrin tó ń tajà fi gbé àga wá.

"Daddy, ẹ jókòó. Àwọn ọjà tó ti kọjá ọjọ́, a ti kó wọn kúrò láti àná."

"Ọmọ mi, ìjọba kọ́ ló rán mi. Ikùn ló rán mi."

Kò gbà mí gbọ́. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn sì ń tẹ̀ lé mi kiri títí mo fi jáde.

Ring Road ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé, àlùbọ́sà wà nínú agbọ̀n, gbogbo èèyàn ló ń rí i. Lóde yìí, ó ti di ìyẹ̀fun, ó sá pamọ́ sínú bisikíìtì.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó dé Challenge. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré ìyá kan tó jẹ́ ará Ṣakí, mo rí ìpékeré: ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, òróró, iyọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni ọ̀rá kan. Mo ra mẹ́wàá.

Mo ní, "Ìyá, èènì mi ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ọ̀rá bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Ẹ gbà, ẹ fi panu lọ́nà." Wọ́n ju ọ̀rá kúlíkúlí kan sínú àpò mi.

Máíkírà tó gbé mi padà ń rìn díẹ̀, ó ń dúró díẹ̀. Ebi ń pa mí, ti ọ̀la sì ni ìpékeré, ni mo bá já kúlíkúlí. Ó dùn gan-an. Mo ti jẹ ẹ́ tán kí a tó kọjá Bódìjà.

Nílé, mo to ìpékeré sórí tábìlì, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé kò sí ohun tó wọ àpò mi lónìí tí mi ò kà. Ó mú ọ̀rá kúlíkúlí tó ti ṣófo jáde nínú àpò mi.

"Bàbá Tóbi, èyí ńkọ́?"

"Èènì ni. Ta ló ń yẹ èènì wò?"

Ó kà á sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan já gaara: "Ẹ̀pà, ata, iyọ̀, àlùbọ́sà, aáyù."

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyẹn: èènì náà wà lára ọjà. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò ní ṣe nǹkan kan, àmọ́ ikùn mi ló kọ́kọ́ dáhùn. Láti ojú fèrèsé, aládùúgbò wa ké sí wa pé, "Ìyá Tóbi, ẹ kó aṣọ yín o, òjò ti ń kù."

Ìyàwó mi ò lọ kó aṣọ. Ó yọ dígí lójú mi, ó fi sójú ara rẹ̀, ó ṣí Bíbélì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ibi tó yẹ kí n kà lọ́la dánra wò.