Bàbá Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá ti ọ̀gá àgbà mọ́ta, àlejò méjì ló wà lẹ́yìn ọ̀gá. Ikọ́ ti jà yíká ilé iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ yẹn. Alájà mẹ́rin ni, kò sì sí àjà kan tí wọn ò ti húkọ́ bí ewúrẹ́. Wọ́n ní kí àwọn tó ń tún ilé ṣe fọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí wọ́n sì fi oògùn apakòkòrò nù ún. Àwọn méje ni, Bàbá sì ni olórí wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn sí ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ̀gá ni ọ̀gá dé.

"Ẹ má tíì dì í mú o, ọ̀gá. Oògùn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

"Bàbá, ọ́fíìsì mi nìyí."

"Tiyín ni. Kòkòrò ibẹ̀ ni tèmi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n kọ sára ike oògùn, mẹ́ta péré ló tíì lọ."

Àbúrò Bàbá obìnrin, tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, dúró ti ògiri pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣẹ́jú sí i pé kó jẹ́ kí ọ̀gá kọjá. Ọ̀gá nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Bàbá fi igi ìnulẹ̀ dínà. Bí ọ̀gá àgbà ṣe dúró síta nìyẹn, òun àtàwọn àlejò rẹ̀, wọ́n ń wo aago. Nígbà tí àkókò pé, Bàbá ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ ò wá wọlé ni?"

Alágídí ni, ká má parọ́ mọ́ òkú. Akọ̀wé kan ráhùn fún un nígbà kan pé èèrà ò jẹ́ kóun gbádùn tábìlì òun. Bàbá dojú pátákó ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà akọ̀wé dé sórí bébà, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, èérún búrẹ́dì sì dà sílẹ̀ wàà. Ó ní, "Èèrà ò wá bá yín jà, akọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n wá jẹun."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn kò tán síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá ránṣẹ́ pé òun ti rí àwọn onímọ́tótó mìíràn, àwọn tó ń fẹ̀rọ ṣiṣẹ́, tí wọ́n á fi wákàtí kan ṣe ohun tí Bàbá ń fi ọjọ́ méjì ṣe. Àwọn lòun máa gbéṣẹ́ fún.

Inú bí àbúrò. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ rí i báyìí? Agídí yín ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn méje! Kí la fẹ́ máa fún àwọn ọmọ jẹ?"

"Fọkàn balẹ̀."

"Ọkàn wo ló kù tí mo fẹ́ fi balẹ̀?"

Bàbá ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ: kí àwọn ẹlẹ́rọ kọ́kọ́ fọ àjà tí ọ̀gá wà, kí gbogbo èèyàn rí i. Ọ̀gá gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́rọ máa dé, òun àti àbúrò mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fi sàmì tó-tó-tó síbi tójú kì í dé: ìsàlẹ̀ apá àga, etí ṣúwíìṣì, ẹ̀yìn tẹlifóònù. Ogójì ni àmì náà.

Àwọn ẹlẹ́rọ dé, wọ́n tu èéfín, ẹ̀rọ pariwo, wọ́n sì parí kí wákàtí kan tó pé. Ọ̀gá fa imú. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ta sánsán!"

"Òórùn rẹ̀ dáa," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ká bi ṣọ́ọ̀kì léèrè."

Àmì mẹ́rìndínlógójì ṣì wà níbi tí wọ́n fi wọ́n sí, ẹ̀rọ ò nù wọ́n. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, Bàbá yí ẹ̀yìn tẹlifóònù ọ̀gá síta, ó ní, "Èyí tí ẹ máa ń gbé sẹ́nu nìyí." Ọ̀gá lọ fọ ọwọ́, ó fọ ẹnu mọ́ ọn.

Nígbà tó dé, ó ní kí àwọn èèyàn méje náà máa ṣiṣẹ́ wọn lọ. Ó wá béèrè ohun tí Bàbá fẹ́.

"Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́, ẹ má wá ẹlòmíì. Àbúrò mi yìí ni kẹ́ ẹ fi ṣe olórí. Ẹ̀rù máa ń bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fo igun."

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá sùn, kò jí mọ́. Ọ̀gá rántí ohun tí Bàbá tọrọ. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìsìnkú, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí fún àbúrò. Bàbá kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń na bọ́kẹ́ẹ̀tì sí wọn. Àbúrò ṣílẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ ò sì lè pa dé.

Aláǹtakùn ti ta òwú sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ife tíì ọjọ́ pípẹ́ tò sílẹ̀. Eruku orí pákó tí wọ́n ń kó ẹrù lé nípọn débi pé èèyàn lè kọ lẹ́tà sí i.

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ̀yin kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dìrọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn yòókù sáré wá, àwọn náà fẹ́ fẹ̀rín pa ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti rẹ aṣọ sínú omi.

Ìgbà yẹn ni àbúrò rí i, létí pákó, níbi tí Bàbá ti máa ń fọwọ́ tì kó tó bẹ̀rẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì: àmì ìka márùn-ún nínú eruku, ìka kékeré wọ́ díẹ̀, bí ti Bàbá ṣe rí. Ọdún mẹ́rìnlá ni àbúrò ti ń nu àmì ìka kúrò lára gíláàsì àti tábìlì, kò béèrè rí ẹni tó ni ín.

"Ẹ nu gbogbo rẹ̀," ló wí. "Pákó yìí ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sórí àmì náà, kò jẹ́ kó kàn án, ó ń wo bí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun ṣe tóbi tó.