Orí Eṣinṣin tí Sàlàkọ́ Tún Ṣe

"Ìyá, kí ni eṣinṣin yìí ń fi gbogbo ojú yìí wò?"

Sàlàkọ́ ló bi mí bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fojú sí máíkirosíkóòpù mi, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Mo ní oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Kòkòrò tíntìntín kan wà tó máa ń fa omi ara ewé ilá mu. Eṣinṣin yìí á yé ẹyin sí i lára, ìdin á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Nítorí ọdẹ yẹn ni orí rẹ̀ fi tóbi ju àyà rẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ojú ni gbogbo orí náà. Sàlàkọ́ mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ n padà sídìí aago mi o."

Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe ní Lilburn, ní Amẹ́ríkà níbí, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kun èékánná. Bí aago ò bá wá, á tún fóònù ṣe. Gbémi ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Decatur, ló ń gbé ilé ró, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí Sàlàkọ́ fi ń yangàn ni pé, láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ "ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́" lẹ́nu rẹ̀ rí. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni à ń lọ. Nígbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, òun ló ń bá mi fi gọ́ọ̀mù lẹ eṣinṣin mọ́ ẹ̀gbẹ́ píìnì.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ eṣinṣin. Àwọn arúgbó ni mo fi ogún ọdún tọ́jú. Ìwé láìbúrárì ni mo fi kọ́ ara mi. Lóṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, mo mú eṣinṣin olórí ńlá márùn-ún nídìí ilá ẹ̀yìn ilé mi: akọ kan, abo mẹ́rin. Mo kó wọn fún Sàlàkọ́. Mẹ́rin ló padà wá.

"Abo kan ti gbẹ jù kẹ́ ẹ tó gbé e wá, Ìyá."

Mo gbà.

Nínú irú eṣinṣin tí mo ti ń rí, ojú akọ máa ń kan ara wọn níwájú orí. Ti abo kì í kàn. Ojú akọ tèmi yìí kò kàn. Ìkọ́ tó wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú kò jọ èyíkéyìí tí mo rí nínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi yà á, irun kọ̀ọ̀kan, mo sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Dókítà Joanna, onímọ̀ kòkòrò kan ní yunifásítì. Ọjọ́ kejì ló dáhùn: òun kò rí irú rẹ̀ rí, ó jọ pé ẹ̀yà tuntun ni, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ, kí n kọ àpèjúwe rẹ̀, kí n sì fi eṣinṣin náà ránṣẹ́. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Yàtọ̀ sí bill, kò sí ìwé tí wọ́n ń tẹ orúkọ mi sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ dì í, mo ní kí n ka irun ẹ̀yìn orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo yí iná sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan kan dán lọ́rùn rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù ni.

N kò mọ bí mo ṣe wa mọ́tò dé ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà méjì wà níbẹ̀, àti Gbémi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti shift.

"Sàlàkọ́, kí ló wà lọ́rùn eṣinṣin yìí?"

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

"Mo ní kí ló wà lọ́rùn rẹ̀?"

Ó fi awò tó fi ń wo inú aago sójú, ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Orí ẹ̀ ló já, Ìyá. Ó fò wọnú kápẹ́ẹ̀tì. Mo wá a títí. Mo wá yọ ti ìkejì ẹ̀ sí i. Same model ṣá ni."

"Dádì Eli!" Gbémi fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ pààrọ̀ orí eṣinṣin?"

"Ṣé kí n dá a padà fún wọn láìlórí ni?"

Orí abo lọ́rùn akọ. Irọ́ yẹn ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yà. Níwájú oníbàárà rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, mo pè é ní òmùgọ̀. Mo ní kò mọ iṣẹ́ kankan, àwọn tó ń gbé aago wá ló kàn ń tàn jẹ. Ó kàn yọ awò náà lójú.

Mo kọ òtítọ́ sí Dókítà Joanna. Èsì rẹ̀ tún bá mi lójijì: ìkọ́ ìdí kì í ṣe irọ́, ẹ̀yà náà lè jẹ́ tuntun síbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní gba àpèjúwe láìsí orí. Kí n wá akọ mìíràn. Oṣù kọkànlá nìyẹn, òtútù ti pa ilá.

Gbémi ló jíṣẹ́ Sàlàkọ́ fún mi: "Ó ní kí n sọ fún yín pé òun jẹ yín ní gbèsè orí kan."

Bí ilá ti hù lọ́dún yìí, Sàlàkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí wọ ẹ̀yìn ilé mi láràárọ̀ pẹ̀lú àwọ̀n, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. Lóṣù keje ó gbé ìgò kékeré kan sórí tábìlì mi. Akọ ni. Ìkọ́ ìdí bára mu. Ojú méjèèjì kan ara wọn, àmì pupa rúsúrúsú kan wà lókè wọn tí n kò rí lára eṣinṣin mìíràn rí. Ó kọ ibi tó ti mú un àti ọjọ́ rẹ̀ sára bébà, ó wá fi kún un: "Mi ò fọwọ́ kàn án o."

Àpèjúwe náà ti dé ọwọ́ àwọn tó ń tẹ̀wé. Sàlàkọ́ ti san tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i níwájú ìyàwó rẹ̀ ń kọ́? Ó ṣòro fún àgbà láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó kí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo dá a lóhùn, mo sì wọlé. N kò tíì bẹ̀ ẹ́.