Wáyà Abẹ́ Ilẹ̀ ní Ìdí-Ìyeyè

Èmi ni Rafíátù Àbẹ̀bí Sùlémọ́nù, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́, olú ìlú ilẹ̀ tí à ń pè ní Dàhòmì nígbà èwe mi. Sùlémọ́nù Àjàní ni ó bí mi, Gàníyù ahunṣọ ni ó bí Sùlémọ́nù, ẹni tí ó sì bí Gàníyù ni Bàbá Ìṣẹ́yìn, tí ó ru òfì rẹ̀ lórí wá sí etí ọ̀sà yìí nígbà tí ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ ń pè ní àdúgbò lónìí ṣì jẹ́ igbó. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n kọ́ mi nílé, wọ́n sì tún kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́, pé ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ láwùjọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun í ṣe. Ìyá mi, Àlàkẹ́, kì í ṣe ọmọ ìlú. Ìdí-Ìyeyè ni wọ́n ti wá, abúlé kan lẹ́yìn Avrankou, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti ń di ọ̀nà ẹsẹ̀.

Òórùn ọ̀dà ni ó máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà èwe mi. Kì í ṣe òórùn ògì tí Tàńtí Mutíátù, àbúrò bàbá mi obìnrin, ń rò ní ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹja tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti ọ̀sà. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tí gbogbo ìlú ń pè ní lapọ́ọ̀sì; iṣẹ́ tiwọn ni láti ri òpó tẹlifóònù mọ́lẹ̀ àti láti gùn ún lọ ta wáyà. Ọ̀dà ni wọ́n fi ń kun òpó kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ó wọ aṣọ wọn, ó wọ èékánná wọn, ọṣẹ dúdú kò ràn án. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn náà lójú oorun, ọkàn mi a balẹ̀ pé bàbá mi ṣì wà nínú ilé. Bí ó bá ti ń fò lọ díẹ̀díẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ti jáde, àyà mi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọmọ tí àyà rẹ̀ máa ń já ni mí. N kò fi í pa mọ́.

Ìdí sì wà fún un. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá mi lọ bímọ ní Ìdí-Ìyeyè lọ́dọ̀ ìyá tiwọn, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wọn. Ìrọbí náà le. Ẹnì kan gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Avrankou láti wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Kí ọkọ̀ náà tó dé, ọmọ ti kú, díẹ̀ ni ó sì kù kí ìyá mi bá a lọ. Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti ń wí pé tẹlifóònù gbọ́dọ̀ dé Ìdí-Ìyeyè. Wọ́n bẹ àwọn ọ̀gá wọn títí àwọn yẹn fi gbà. Ní ọdún 1972, ìyá mi tún lóyún. Wáyà kúrò ní Avrankou, ó ń bọ̀ láàárín oko àgbàdo àti igbó ọ̀pẹ, oyún náà sì ń dàgbà. Gbogbo wa nínú ilé mọ̀ pé ọ̀kan ń lé èkejì, kò sì sí ẹni tí ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Bàbá mi fẹ́ràn láti máa wí pé, "Bí okùn bá gùn títí, ó ní ibi tí a ti fà á wá." Mo gbà wọ́n gbọ́. Ibi tí à ń fà á lọ ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Nígbà ìsinmi gígùn ọdún náà, wọ́n mú mi lọ sí Ìdí-Ìyeyè kí n lè máa pọnmi fún ìyá mi. Mo ṣì ń gbọ́ èso ìyeyè tí ó ń já bọ́ sórí páánù ilé ìyá àgbà mi, tí mo sì máa ń ta gìrì ní gbogbo ìgbà bí ẹni pé ìyá mi ni ó ṣubú. Bàbá mi gbé àpò awọ kan kọ́ èjìká. Tẹlifóònù kékeré tí wọ́n fi ń dán wáyà wò wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé orí òpó, wọn a fi í kan wáyà, wọn a gbé e mọ́ etí, wọn a sì pe Àjàṣẹ́ láti òkè níbẹ̀. Àwọn ọmọ abúlé a sáré wá wò wọ́n. Inú mi a máa dùn. Ọmọ mélòó ni bàbá rẹ̀ ń bá ìlú sọ̀rọ̀ láti orí igi?

Ọjọ́ tí wáyà wọ abúlé ni wàhálà dé. Àwọn àgbà ti lọ sí oko. Bàbá mi, Mùsùlùmí ọmọ Àjàṣẹ́, ta wáyà kọjá lórí ọ̀nà tóóró kan tí ó jáde láti inú igbó. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀nà ìgbàlẹ̀ ni, ibi tí Egúngún ti ń wọ ìlú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi kò nílò kí n ṣàlàyé: Egúngún kì í gba abẹ́ okùn kọjá. Bàbá Alágbàáà, tí í ṣe olórí àwọn eléégún, ti oko dé, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì rọra sọ ọkọ́ wọn kalẹ̀.

"Ọkọ ọmọ wa, o kú iṣẹ́ o," ni wọ́n wí. "O ta okùn ìsáṣọ sójú ọ̀nà àwọn bàbá wa. Aṣọ náà nìkan ni a kò tíì rí."

"Bóyá ṣòkòtò rẹ̀ ni yóò sá síbẹ̀," ni ẹnì kan fi kún un.

"Kó ṣáà má jẹ́ ìró ìyàwó rẹ̀!" ni ẹlòmíràn wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Bàbá Alágbàáà kò rẹ́rìn-ín.

Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ mìíràn ni, yóò fa ìwé ìjọba yọ, yóò sì sọ Faransé. Ṣùgbọ́n àna ni bàbá mi. Wọ́n ti kọ́ mi tipẹ́ pé, "Ẹni tí ó fún ọ ní ọmọ, bí ó bá ní kí o jókòó sórí ẹ̀gún, ẹ̀gún wo ni o ó béèrè." Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, eruku ọ̀nà sì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tí ó wà láyà wọn. Wọ́n dìde, wọ́n gun òpó, wọ́n tú wáyà náà kalẹ̀. Inú ìyá mi ni mo ń wò ní gbogbo àkókò yẹn.

Ìyá àgbà mi ni wọ́n yọ wá nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà.

"Bí kò bá lè gba òkè, ṣé kò lè gba ilẹ̀ ni?"

"Ilẹ̀?" ni Bàbá Alágbàáà dáhùn. "Ilẹ̀ ni àwọn bàbá wa sùn sí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹni tí ó sùn kì í fi orí gbá okùn. Àbí ẹ fẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi kejì náà wá bá wọn sùn níbẹ̀ ni?"

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n gbà kí wáyà gba abẹ́ ọ̀nà kọjá. Ṣùgbọ́n wáyà afẹ́fẹ́ kọ́ ni wáyà ilẹ̀. Èyí tí wọ́n fi òjé bò ni ó yẹ, Kútọnu ni ó sì wà. Bàbá mi ní láti padà sí Àjàṣẹ́ láti lọ béèrè rẹ̀, èmi náà sì ní láti padà sí ilé ẹ̀kọ́. A fi ìyá mi sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú oyún tí ó ti sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dàgbà rántí bí ìlú ṣe rí nígbà náà. Olórí mẹ́ta ni Dàhòmì ní, tí wọ́n ń gba àga lọ́wọ́ ara wọn. Tàńtí Mutíátù a máa sọ bí wọ́n bá ń yọ́ ògì, pé, "Ilé tí ó ní baálé mẹ́ta, ta ni yóò ti ilẹ̀kùn?" Kò sí ẹni tí ó rántí wáyà Ìdí-Ìyeyè. Bàbá mi a lọ béèrè, wọn a ní kí wọ́n padà wá. Ní kíláàsì, olùkọ́ a pè mí kí n ka ìwé, èmi a sì ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń rò ó pé nísinsìnyí gan-an ni ìyá mi ń rọbí, pé nísinsìnyí gan-an ni ẹnì kan ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Avrankou. Mo jẹ ọrùn aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi títí ó fi ya.

Wáyà dé ní Ọjọ́rú kan. Ní àárọ̀ Àlàmísì tí ó tẹ̀ lé e, òórùn ọ̀dà jí mi. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kẹ́rù, tí a ń pè ní bàṣé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, wáyà olójé náà sì ká jọ sínú rẹ̀ bí erè tí ó yó. Bàbá mi tẹ̀ sí mi létí. "Lẹ́yìn ìrun Àlásárì, wá dúró ní lapọ́ọ̀sì. Ohùn ìyá rẹ ni yóò kọ́kọ́ gba inú wáyà yẹn kọjá, etí tìrẹ ni yóò sì bọ́ sí." Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú mi, ọ̀dà sì kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. N kò nù ún.

Mo wọ aṣọ ọdún mi lọ. Kí n tó dé ọjà, mo gbọ́ orin ológun láti inú rédíò àwọn aránṣọ, orin kan náà láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Faransé pé ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wọn. Mo sáré, kì í ṣe sílé, bí kò ṣe sí lapọ́ọ̀sì. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọmọ ogun méjì dúró níwájú. Ọ̀kan béèrè ohun tí mo ń wá lọ́wọ́ mi, mo sì dáhùn pẹ̀lú Faransé tí ó dára jù lọ tí mo ní, pé mo wá gbọ́ ohùn ìyá mi. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Máa lọ sílé, ọmọdé," ni ó wí, kò sì fi ìkanra sọ ọ́.

N kò lọ. Mo dúró lábẹ́ igi tí ó wà ní òdìkejì. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé tí a tì náà. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun náà wo ara wọn, wọn kò ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò dún mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní ẹni tí wọ́n ń pè ní irú ọjọ́ yẹn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìdí-Ìyeyè ní ọ̀sán kan náà, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, nítorí pé ìrọbí ti dì wọ́n mú nínú yàrá. Baálé gbọ́ orin ológun nínú rédíò rẹ̀. Ẹnì kan sáré dé pé ọkọ̀ ológun ń bọ̀ láti ọ̀nà Avrankou. Gbogbo wọn yíjú sí àna wọn: ọkùnrin tí ó ń ri wáyà ìjọba mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ tí a gba ìjọba, ta ni yóò gbà pé nítorí Egúngún ni? Bàbá mi ti kúrò nínú kòtò, wọ́n wà lórí òpó tí ó kẹ́yìn. Bàbá Alágbàáà wí pé wọ́n gbé ọwọ́ kan mọ́ etí, wọ́n ń kígbe sókè. "Àkókò Àlásárì ni. Mo rò pé àna wa ń pe ìrun ni, mo sì dúró kí ó parí."

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Alágbàáà ní kí bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. "Àna, sá. Gba inú igbó bọ́ sí ọ̀hún, títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀." Ọ̀hún ni Nàìjíríà, kò jìnnà síbẹ̀. Bàbá mi fẹ́ dúró nítorí ìyá mi. Bàbá Alágbàáà wí pé, "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," ẹ sì ti mọ̀ pé a kì í bá àna jiyàn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì lọ. Ọkọ̀ ológun náà kọjá lójú títì ńlá, kò tilẹ̀ yà sí ọ̀nà abúlé. Ìyá mi bí ọkùnrin kí oòrùn tó wọ̀, láìsí ọkọ̀, láìsí tẹlifóònù, àlàáfíà ni.

Àwọn kan ní àwọn rí bàbá mi ní Ìdìrókò. Àwọn mìíràn ní Àgbádárìgì ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún rí wọn níbì kankan. Àwọn àgbà fẹ́ sọ ọmọ náà ní Babárímisá, orúkọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kí ó tó dé. Ìyá mi kọ̀ ọ́, wọ́n ní ọkọ àwọn kò kú, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìrètíọlá. Lapọ́ọ̀sì kò padà wá. Ikán jẹ òpó pẹ̀lú ọ̀dà rẹ̀. Àwọn ọdẹ gé wáyà òkè ṣe tàkúté. Ìyá mi kú pẹ̀lú ìdánilójú pé iṣẹ́ náà kò parí.

Ìrètíọlá, tí ó dàgbà sí ilé ìyá wa, ni baálé Ìdí-Ìyeyè báyìí. Lọ́dún tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kan dé láti fa íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára wọ abúlé, pẹ̀lú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ lọ. Àbúrò mi béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá òkè ni yóò gbà. Wọ́n ní rárá, ilẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tí àwọn ọmọ náà kò mọ ohun tí wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà ìgbàlẹ̀, ó pè mí lórí tẹlifóònù, ojú rẹ̀ sì hàn kedere, bí ẹni tí ó jókòó tì mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ wo nǹkan kan." Ó yí tẹlifóònù sínú kòtò. Wáyà olójé wà níbẹ̀, ó dùbúlẹ̀ tààrà láti ẹsẹ̀ òpó kan dé kùkùté èkejì. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n ti so ó mọ́ wáyà òkè, wọ́n fi aṣọ wé ojú rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà lẹ̀ ẹ́. "Ṣé ẹ rí i? Kò sí ibi tí ó já. Bàbá wa ti parí rẹ̀."

Bí ó bá ti parí, a jẹ́ pé bàbá mi kò pe ìrun lórí òpó yẹn; èmi ni wọ́n ń pè.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan dúró lábẹ́ igi nínú aṣọ ọdún rẹ̀, ó ń bẹ̀rù pé tẹlifóònù kò ní í dún. Ìyá àgbà tí mo dà lónìí ní tẹlifóònù lápò àti òmíràn lábẹ́ ìrọ̀rí; àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ó bá dún nígbà tí mo ń wẹ̀, ọṣẹ ni màá fi gbé e. Mo kàwé ju ọmọ yẹn lọ, mo sì ti rí ayé jù ú lọ. Síbẹ̀ àyà rẹ̀ ni ó ṣì ń já nínú mi. Kìkì pé èmi ń bẹ̀rù pé yóò dún, tí kò ní sí ẹni tí yóò gbé e.

Mo ní kí Ìrètíọlá gé díẹ̀ nínú wáyà náà fún mi, ní ojú ibi tí ọ̀dà wà. Ó wà lẹ́bàá ibùsùn mi. Ní àárọ̀ tí òjò bá rọ̀, òórùn rẹ̀ ṣì máa ń jí mi, n kì í sì í tètè la ojú. Bàbá mi ni Sùlémọ́nù Àjàní, ọmọ Gàníyù ahunṣọ, ọmọ Bàbá Ìṣẹ́yìn. Mo rí wọn kẹ́yìn ní àárọ̀ Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, ọdún 1972.